Ìwé Èsì Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Tó Ní Mononucleosis: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí

Ọ̀fun ń dun ọmọ, ibà kò lọ bọ̀rọ̀, kókó yọ sí i lọ́rùn, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, ó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé eré kò wù ú ṣe mọ́. Dókítà ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ mononucleosis, wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, lẹ́tà àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀. A kọ ìwé yìí kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó bi dókítà.

Fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, tí àwọn onímọ̀ rí ní 1964, ló sábà máa ń fa mononucleosis. Itọ́ ló ń gbé e kiri. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 nínú ara kí àìsàn tó hàn, nítorí náà ẹ má di ẹ̀bi ru ọmọ tí wọ́n jọ ṣeré lánàá.

CRP àti ESR

Bí ara bá ń bá àrùn jà, ẹ̀dọ̀ máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní CRP sínú ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ ló ń gòkè, bí ìjà bá sì ti ń rọlẹ̀, òun náà á tètè wálẹ̀. Ti ESR yàtọ̀. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wo ibi tí sẹ́ẹ̀lì pupa rọlẹ̀ dé ní wákàtí 1. Ó máa ń pẹ́ kó tó gòkè, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ pàápàá lè gbé e sókè.

Ibi tó ń kó ìdààmú bá òbí nìyí: ọmọ dùbúlẹ̀, kò lè jẹun, síbẹ̀ CRP rẹ̀ kò ga, tàbí kó kàn ga díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọmọ ń díbọ́n. Bakitéríà ló sábà máa ń ti CRP sókè gan-an. Fáírọ́ọ̀sì kì í sábà tì í tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ CRP àwọn ọmọ kan tó ní mononucleosis máa ń ga. Nọ́ńbà yìí nìkan kò tó láti fi pinnu oògùn apa-bakitéríà, pàápàá amoxicillin àti ampicillin, tó lè mú kí ara ọmọ tó ní àrùn yìí sú látòkè délẹ̀.

Lójú tiwa, ìlà sẹ́ẹ̀lì funfun ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí lymphocyte, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, bá ju ìdajì gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun lọ, tí ìrísí ó kéré tán 10 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì funfun sì yàtọ̀ sí bó ṣe yẹ, mononucleosis ni dókítà á kọ́kọ́ fura sí. ALT àti AST, èròjà inú ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, lè ga díẹ̀. Wọ́n sábà máa ń padà sípò fúnra wọn. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 4, àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń pè ní Monospot lè má rí àrùn náà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò VCA IgM, tó ń wá èròjà tí ara fi ń bá fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr jà nínú ẹ̀jẹ̀.

Nílé

Omi, ìsinmi, àti paracetamol ní ìwọ̀n tó bá ọmọ mu. Ẹ má fún un ní aspirin. Ẹ̀yà ara tí wọ́n ń pè ní spleen, tó wà lábẹ́ ìhà òsì, lè wú kó sì bẹ́, nítorí náà kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù tàbí jà fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 3 láti ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, títí dókítà á fi gbà á láyè, bí CRP rẹ̀ tilẹ̀ ti dára.

Bí ìhà òsì bá ṣàdédé ń dùn ún gan-an, tó dákú, tí kò lè mí dáadáa tàbí tí kò lè gbé omi mì, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de èsì kankan.