Bí A Ṣe Ń Wọn Kílíìtì Àfọwọ́rán Kí Ó Lè Bá Ara Mu

Kílíìtì ni aṣọ oníṣẹ́po tí àwọn ọkùnrin Scotland ń ró mọ́ ìdí. Aṣọ irun àgùntàn ni wọ́n fi ń rán an, ti àgbàlagbà sì lè gba yáàdì 8, nítorí náà ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wọn ara kí ó tó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ yóò fi aṣọ olówó iyebíye ṣòfò.

Ìwọ̀n mẹ́rin ni a nílò: àyíká ìbàdí, àyíká ìdí níbi tí ó ti yọ jù, ọ̀nà tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, àti gígùn láti ìbàdí dé eékún. Ìbàdí tí mo ń wí kì í ṣe ibi tí ìgbànú ṣòkòtò máa ń wà. Ọ̀kánkán ìdodo tàbí òkè rẹ̀ díẹ̀ ni ìdè kílíìtì ń gbà, aṣọ yóò sì tún yọ sókè ìdè náà ní nǹkan bí ínṣì 2. Ẹ má ṣe lo ìwọ̀n tí ẹni náà fi ń ra ṣòkòtò, ẹ má sì jẹ́ kí ó wọn ara rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti tẹrí ba wo téèpù, ìdúró rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti wọn gígùn, pàápàá fún ẹni tí ó níkùn. Kò sí pé a ó tú ìṣẹ́tí bí ó bá kúrú, torí etí tí wọ́n hun pa láti orí òfì gan-an ni ìṣẹ́tí kílíìtì.

Lójú tèmi, pípín ìwọ̀n ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ínṣì 35, tí ìdí rẹ̀ jẹ́ 41. Ní ìbàdí, iwájú tí kò ní ìṣẹ́po yóò gba 17 1/2, ẹ̀yìn náà yóò gba 17 1/2. Ní ìdí, ẹ̀yìn yóò gba 21, iwájú 20, nítorí pé ẹ̀yìn ni ẹran ìdí wà. Bí ìṣẹ́po bá jẹ́ 28, ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fẹ̀ tó ínṣì 3/4 ní ìdí, yóò sì máa tín-ín-rín bọ̀ títí yóò fi di 5/8 ní ìbàdí. Ọ̀tún àti òsì ìṣẹ́po ni kí ẹ ti dín in lọ́gbọọgba, kí ilà aṣọ má baà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àṣìṣe ínṣì 1/16 lórí ìṣẹ́po kan kò hàn sójú, ṣùgbọ́n lórí 28 yóò di ínṣì 1 3/4, aṣọ náà kò sì ní dé ara mọ́. Ẹ máa fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ ti ń rán an lọ.

Ẹ má ṣe rán ìṣẹ́po pọ̀ kọjá ibi tí ìdí ti yọ jù, èyí tí ó sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn aṣọ. Bí ẹ bá rán an kọjá ibẹ̀, yóò fún mọ́ ara nísàlẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, ìṣẹ́po yóò máa là lórí ìdí. Láti ibẹ̀ lọ, kí ìṣẹ́po bọ́ tààrà dé ìṣẹ́tí, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbẹ́ iwájú máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ẹ tó rán ìdè awọ mọ́ ọn, ẹ ró o fún ẹni náà, kí ihò àárín awọ bá ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ mu, kí àyè lè wà bí ó bá sanra tàbí tí ó bá rù.