Bí A Ṣe Lè Dáàbò Bo Kámẹ́rà Lọ́wọ́ Ọ̀rinrin

Ọ̀rinrin kì í ba kámẹ́rà jẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó ni ín a lò ó tán, a tì í bọ inú àpò rẹ̀, nígbà tó bá sì mú un jáde lẹ́yìn oṣù mélòó kan, yóò rí ohun tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn lára gíláàsì lẹ́ńsì. Èéhù ni. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ju ìwọ̀n 60 sí 70 nínú 100 lọ fún ìgbà pípẹ́, èéhù yìí a gbilẹ̀, oje kíkan tó ń sun jáde lára rẹ̀ a sì máa jẹ ojú gíláàsì náà débi pé, bí a tilẹ̀ nù ún kúrò, àpá rẹ̀ lè má lọ mọ́.

Àpótí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Ohun yòówù tí ẹ bá fi sínú àpò aláṣọ láti fa omi, afẹ́fẹ́ ìta ni yóò máa fà títí tí yóò fi yó. Ẹ lo ike oúnjẹ tí ìdérí rẹ̀ ní rọ́bà, tó sì dé pinpin. Ẹ má fi àpò aláwọ sínú rẹ̀, nítorí awọ a máa gba omi dúró, èéhù sì fẹ́ràn rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí ń fa omi, silica gel ni mo fara mọ́ jù, ìyẹn àwọn hóró inú àpò pélébé tí a sábà máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun. Ó lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀, ó sì ṣeé tún lò. Èyí tó ní àwọ̀ ọsàn a máa di àwọ̀ ewé bó bá ti yó. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù ní kóbáàtì, tó jẹ́ májèlé, nítorí náà ẹ má ra á sílé tí ọmọdé wà. Láti gbẹ ẹ́, ẹ tú àwọn hóró náà kúrò nínú àpò wọn, ẹ tẹ́ wọn sórí àwo irin, kí ẹ sì fi wọ́n sínú ààrò ìyanbúrẹ́dì ní 120°C fún wákàtí kan sí méjì. Inú ohun tó dé ni kí wọ́n ti tutù.

Ìrẹsì kò lágbára tó, eruku rẹ̀ sì lè wọ inú ẹ̀rọ. Iyọ̀ kì í fa omi títí ọ̀rinrin yóò fi ju 75 lọ, nígbà tí èéhù ti lè máa hù. Iyọ̀ tó sì ti rin a máa jẹ irin. Calcium chloride tí wọ́n ń tà fún kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lágbára gan-an, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ló ń dà: inú yàrá ni ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú àpótí kámẹ́rà.

Bí ẹ bá lè ra ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn ọ̀rinrin, ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin inú àpótí wà láàárín 40 sí 50 nínú 100. Kí ó má pẹ́ nísàlẹ̀ 30, nítorí rọ́bà àti gírísì inú lẹ́ńsì lè gbẹ.

Bí ẹ bá ń ti yàrá tútù bọ́ sínú ooru, ẹ di kámẹ́rà sínú ọ̀rá kí ẹ tó jáde, kí ẹ má sì tú u títí yóò fi móoru tán, kí ìrì má baà sẹ̀ sí i lára.

Lẹ́ńsì tí èéhù ti mú kò gbọdọ̀ bá àwọn yòókù gbé àpótí kan náà. Gbígbẹ lè dá èéhù dúró, ṣùgbọ́n kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú.