Bí A Ṣe Ń Gbin Ẹ̀wà Kí Ilẹ̀ Inú Àpò Lè Rí Náítírójìn Jẹ

Ẹni tí ó bá ń gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò ní ẹ̀yìnkùlé ní Ṣómólú tàbí Múṣin yóò ti ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn ìkórè kejì tàbí ìkẹta, ewé tẹ̀tẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n dípò kí ó dúdú mìnìjọ̀. Náítírójìn, oúnjẹ tí ń mú kí ewé dúdú, ló sábà máa ń tán nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ tí à ń mí jẹ́ náítírójìn, ṣùgbọ́n ewéko kò lè dá a mú níbẹ̀. Àwọn bakitéríà (ohun ẹlẹ́mìí tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ) tí à ń pè ní rhizobia, tí wọ́n ń gbé inú gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà, ni wọ́n ń sọ ọ́ di oúnjẹ. Ewéko a sì máa fi ṣúgà san án fún wọn.

Ẹ̀wà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí bakitéríà tirẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ilẹ̀ wa, nígbà tí sóyà máa ń ṣa tirẹ̀ yàn. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ iyanrìn tí wọ́n fi dí àbàtà ni ẹ rà lọ́wọ́ onítípà, ó ṣeé ṣe kí bakitéríà náà má sí níbẹ̀. Ẹ bu ìkúnwọ́ mẹ́ta erùpẹ̀ níbi tí ẹ̀wà ti ṣe dáadáa rí, tí àrùn kò sí, kí ẹ pò ó mọ́ ti inú àpò láìsá a sí oòrùn.

Ẹ lu ihò sí ìdí àpò, torí omi tí ó bá dá rogún yóò fún bakitéríà náà lọ́rùn. Ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án dára fún gbígbìn. Ẹ gbin hóró méjì-méjì, kí ó wọlé tó ínǹṣì kan.

Yúríà, ajílẹ̀ tí náítírójìn kún inú rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ fi ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ̀wà tí ó bá rí náítírójìn ọ̀fẹ́ kò ní bọ́ bakitéríà kankan, nítorí náà èmi kì í fi sí i rárá. Egungun lílọ̀, tí àwọn tí ń ta oúnjẹ adìyẹ máa ń ní, wúlò jù ú lọ, torí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ewéko mìíràn, tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ bomi rin ín, kí ẹ rọra hú igi kan, kí ẹ sì fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ óò rí kókó wẹ́wẹ́, ilé àwọn bakitéríà náà, tí ó rọrùn láti fi ọwọ́ gbọ̀n dànù. Èyí tí ó bá jẹ́ pé gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, tí kò ṣeé yọ, aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ló fà á. Ẹ fi èékánná la kókó náà: bí inú rẹ̀ bá pupa, ó ń ṣiṣẹ́, bí ó bá funfun, ó ṣì kéré tàbí kò wúlò, bí ó bá sì jẹ́ àwọ̀ ewé, ó ti gbó.

Àwọn tí ń sọ pé ẹ̀wà nìkan ti tó láti sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá kò sọ ọ́ tán, nítorí inú hóró tí a kó lọ sínú ìkòkò ni púpọ̀ náítírójìn náà ń bá lọ. Bí ẹ bá ti kórè tán, ẹ gé igi rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀, kí ẹ sì fi ewé bo ilẹ̀. Ẹni tí ẹ̀fọ́ jẹ lógún ju ẹ̀wà lọ lè gé e nígbà tí ó bá ń tanná, kí ó pò ó mọ́ ilẹ̀, kí ó sì gbin tẹ̀tẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.