Lílì tí kò yọ òdòdó, Ixora tí ewé rẹ̀ ń pọ́n: ìbéèrè àti ìdáhùn

Òdòdó méjì yìí wọ́pọ̀ níwájú ilé ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lílì tí à ń sọ ni èyí tó ní kókó bí àlùbọ́sà nínú ilẹ̀, tí òdòdó pupa rẹ̀ rí bí ẹnu fèrè lórí ọ̀pá gbọọrọ tó ní ihò nínú. Hippeastrum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, Gúúsù Amẹ́ríkà ló sì ti wá. Ixora ni igi òdòdó kúkúrú tí a fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká, tí òdòdó wẹ́wẹ́ ń ṣù jọ sórí ẹ̀ka rẹ̀. Íńdíà àti Sri Lanka ni òun ti wá.

Ohun tó ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà wọn ni pé a ń tọ́jú àwọn méjèèjì bákan náà. Lílì ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú kókó rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ixora kò ní irú kókó bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè: Iwájú ilé mi kò ju mítà 4 lọ. Ṣé lílì ni kí n gbìn ni àbí Ixora?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó máa bomi rin ín wà nílé láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta. Tí kò bá sí, ẹ gbin lílì. Tó bá wà, tí ẹ sì fẹ́ òdòdó tí ojú á máa rí lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, Ixora ni. Lílì máa ń yọ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń bọ̀. Ọ̀pá kan sábà ń gbé òdòdó 2 sí 4, gbogbo rẹ̀ á sì ti rọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé nìkan lẹ ó máa wò. Síbẹ̀, kò sí òdòdó Ixora tó lè dúró níwájú lílì láàárín àkókò yẹn.

Mítà 4 gba Ixora 7 tí ẹ bá fi sẹ̀ǹtímítà 60 sí àárín wọn. Sẹ̀ǹtímítà 30 ti tó láàárín lílì kan sí èkejì. Àwọn méjèèjì ló fẹ́ oòrùn, àmọ́ ti Ixora le jù: tí oòrùn kò bá bà á tó wákàtí 6 lójúmọ́, ewé ni yóò máa hù. Lílì lè fara da ibòòji ìdajì ọjọ́.

Ìbéèrè: Ewé lílì mi tutù yọ̀yọ̀, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ọdún méjì tí kò yọ òdòdó. Kí ló fà á?

Ẹ fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ kúrò ní èjìká kókó náà, kí ẹ fi rúlà wọn ìbú rẹ̀. Tí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 5, ó ṣì kéré, kò tíì tó yọ òdòdó. Ọmọ tí a já lára ìyá rẹ̀ máa ń lo ọdún 2 sí 4 kó tó yọ. Tó bá jẹ́ kókó wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lẹ bá tó fún ara wọn pọ̀ lójú kan, ẹ hú wọn lóṣù Kejìlá, kí ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kí ẹ sì tún wọn gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí kókó bá tóbi tí kò sì yọ, ẹ wádìí bóyá ẹnìkan ń gé ewé rẹ̀. Nínú kókó lílì, lẹ́yìn ewé mẹ́rin mẹ́rin ni òdòdó kan ń sọ, inú ibẹ̀ ló sì máa wà fún ọ̀pọ̀ oṣù kó tó jáde. Ewé ọdún yìí ló ń bọ́ òdòdó ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fi àdá gé ewé tútù nítorí pé ó wó sójú ọ̀nà ti gé òdòdó ẹ̀ẹ̀mííràn dànù. Ọ̀pá tí òdòdó orí rẹ̀ ti rọ ni kí ẹ gé, kí ẹ ṣẹ́ ẹ kù ní sẹ̀ǹtímítà 3 lókè kókó. Ẹ jẹ́ kí ewé gbẹ fúnra rẹ̀. Tó bá ń dí ọ̀nà, ẹ fi ọ̀pá tì í lẹ́yìn.

Ajílẹ̀ náà ń ṣe é. Yùríà àti ìgbẹ́ adìẹ tútù ń mú ewé pọ̀, wọn kì í mú òdòdó wá. NPK 15-15-15 ni kí ẹ lò: ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ yí kókó kan ká, kó jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ bo iyẹ̀pẹ̀ lé e kí ẹ sì bomi rin ín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni kí ẹ máa ṣe é, láti ìgbà tí òdòdó bá ti rọ títí di oṣù Kẹjọ.

Ohun tó ń ṣe lílì jù lọ nílẹ̀ wa ni omi ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ máa ń bomi rin ín lójoojúmọ́ nígbà ọyẹ́, kókó náà kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kóun sinmi. Láti àárín oṣù Kọkànlá, ẹ dá omi dúró pátápátá. Ewé á rọ, á gbẹ, ẹ má fòyà. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Ní ìparí oṣù Kìíní, ẹ ha iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò tó sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ fi ilẹ̀ dúdú tuntun dípò rẹ̀, kí ẹ wá bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan kó rin wọlẹ̀ dáadáa. Ẹ má tún fún un lómi mọ́ títí ẹ ó fi rí ohun kan tó ń yọ bí ṣóńṣó láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn kókó. Tí ṣóńṣó náà bá nípọn tí orí rẹ̀ sì rí bí ẹnu ọ̀kọ̀, ọ̀pá òdòdó ni. Tó bá pẹlẹbẹ, ewé ni.

Ìbéèrè: Kókó lílì mi ń rọ̀, ó sì ń rùn.

Ẹ ti gbìn ín jinlẹ̀ jù, tàbí omi ń dúró níbẹ̀. Ó yẹ kí ìdá kan nínú mẹ́ta kókó náà yọ sókè ilẹ̀. Ẹ hú u, kí ẹ bó èèpo tó ti jẹrà títí ẹ ó fi dé ibi tó funfun tó sì le. Ẹ wo àwo ìsàlẹ̀ tí gbòǹgbò ti ń yọ: tí ibẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ jù ú nù, kò lè là á. Tí ibẹ̀ bá le, ẹ fọ́n eérú díẹ̀ sójú ọgbẹ́ náà, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí oòrùn kò sì dé, fún ọjọ́ 3. Ẹ tún un gbìn sínú ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n 2, yanrìn tí hóró rẹ̀ tóbi, irú èyí tí wọ́n fi ń kọ́lé, ìwọ̀n 1, àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà pátápátá ìwọ̀n 1.

Àmì pupa gbọọrọ lára ewé àti ọ̀pá yàtọ̀ sí èyí. Irú olú kan (fungus) tó ń ba ewéko jẹ́ ló ń fà á. Ẹ gé ewé tó ní i, kí ẹ sun ún, kí ẹ sì máa da omi sídìí, kì í ṣe sórí ewé.

Ìbéèrè: Ixora mi tó wà lẹ́bàá fẹ́ǹsì ń pọ́n, èyí tó wà lẹ́nu géètì kò ṣe nǹkan kan. Mo ti fi NPK sí i lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ dáwọ́ NPK dúró. Ẹ já ewé tuntun kan ní ṣóńṣó ẹ̀ka, kí ẹ gbé e sójú oòrùn. Tí ara ewé bá ti di àwọ̀ ìyeyè, tí àwọn iṣan inú rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé títí dé etí, irin ni igi náà kò rí jẹ. Irin lè wà nínú ilẹ̀ yẹn, sìmẹ́ǹtì ló dì í mú. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹfun náà ń yọ́ sínú ilẹ̀ láti ara àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti pílásítà tí àwọn bíríkìlà rì mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri. Ilẹ̀ tó kan díẹ̀, tí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀) wà láàárín 5 sí 6, ni Ixora fẹ́.

Ẹ bu ṣíbí ìjẹun kan nínú ilẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ da fínígà lé e. Tó bá hó, ẹfun pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ọkọ́ ṣí ilẹ̀ tó yí igi náà ká, kí ẹ ṣa àfọ́kù kúrò, kí ẹ rọra ṣe é kí ẹ má bàa já gbòǹgbò rẹ̀ púpọ̀. Ẹ fi ajílẹ̀ ewé tó ti jẹrà dípò iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ kó, kí ẹ sì kó ewé gbígbẹ bo orí rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta oògùn oko, ẹ béèrè ajílẹ̀ irin tí wọ́n kọ Fe-EDDHA sí ara rẹ̀, torí pé ìyẹn ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ilẹ̀ ẹfun. Ìwọ̀n tó wà lára páálí rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ewé tuntun ni kí ẹ máa wò lẹ́yìn oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀, nítorí èyí tó ti pọ́n lè má padà. Tó bá jẹ́ pé igi náà ṣì kéré, ẹ hú u lóṣù Kẹfà kí ẹ sún un kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri tó sẹ̀ǹtímítà 75. Ìyẹn ló dára jù.

Ẹ má ṣe da eérú ìdáná sídìí Ixora láé. Ìwọ̀nba tí a fi kan ojú ọgbẹ́ lílì kò lè pa á lára, àmọ́ eérú máa ń dín kíkan ilẹ̀ kù, yóò sì pa kún ìṣòro Ixora.

Tó bá jẹ́ ewé àtijọ́ nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pọ́n, kì í ṣe irin nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ magnesium, oúnjẹ igi mìíràn, ni kò rí jẹ. Ẹ po ṣíbí ìjẹun kan iyọ̀ Epsom (iyọ̀ tó ní magnesium, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀) mọ́ omi lítà 4, kí ẹ dà á sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún oṣù mẹ́ta.

Ìbéèrè: Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni a ń gé ọgbà Ixora wa kó lè tẹ́jú. Kò ní òdòdó.

Ṣóńṣó ẹ̀ka ni Ixora ti ń yọ òdòdó, òun gan-an lẹ sì ń gé. Ẹ gé e lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà tí òdòdó tó wà lórí rẹ̀ bá ti rọ, kí ẹ má sì gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ ó dúró tó oṣù méjì kí òdòdó tó tún kún orí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ohun dúdú bí èédú bo ewé Ixora, èèrà sì pọ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ yí ewé náà padà. Ẹ ó rí kòkòrò funfun bí òwú tàbí ìpẹ́ pẹlẹbẹ tó lẹ̀ mọ́ iṣan ewé. Wọ́n ń fa omi ara igi, wọ́n sì ń ya omi adùn sílẹ̀. Omi adùn yẹn ni èèrà ń wá, orí rẹ̀ náà sì ni ohun dúdú ti ń hù. Ẹ po ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi mọ́ omi lítà kan, kí ẹ fọ́n ọn sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lórí ẹ̀ka kan. Ẹ gé ẹ̀ka tó bá kan ògiri, torí ibẹ̀ ni èèrà ń gbà gòkè.

Ìbéèrè: Orí ẹbè kan náà ni mo gbin àwọn méjèèjì sí. Ta ni kí n ṣe tiẹ̀?

Ẹ yà wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ixora tó ti dàgbà ń fẹ́ omi tó lítà 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, omi yẹn gan-an ló sì ń mú kí lílì jẹrà tàbí kó má yọ. Lílì ló rọrùn láti sún. Ẹ gbìn ín sínú ìkòkò tó nihò nísàlẹ̀, kí àyè tó sẹ̀ǹtímítà 4 wà láàárín kókó àti ẹnu ìkòkò. Tí oṣù Kọkànlá bá dé, ẹ gbé e sábẹ́ òrùlé. Tí ọ̀pá rẹ̀ bá yọ, ẹ gbé e padà síwájú Ixora.

Ìbéèrè: Àwọn ọmọdé àti ajá wà nílé. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ixora kò ní májèlé. Lílì ní i, inú kókó rẹ̀ ló sì pọ̀ sí jù. Lycorine ni orúkọ májèlé náà, ó ń fa èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Tí ẹ bá hú kókó rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sí ilé ìdáná, nítorí ẹni tí kò mọ̀ lè gé e sí ọbẹ̀ bí àlùbọ́sà. Àmì kan wà tí a fi ń mọ̀ ọ́n: kì í ta sí ojú tàbí imú bí àlùbọ́sà tí a bá gé e. Tí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi ìka fà á ní ọ̀fun kó lè bì. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, kí ẹ mú kókó tó jẹ kù dání, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.