Bí Ìdílé Kristẹni Ṣe Lè Máa Tọ́jú Àwọn Àgbàlagbà Àdúgbò Rẹ̀

Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń parí lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ó dárúkọ ará ilé Stefana, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ìránṣẹ́. Gbogbo ilé ló mẹ́nu kàn, kì í ṣe baálé nìkan. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa lónìí ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì inú ìjọ, tí yóò pín ìrẹsì nígbà Kérésì. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ màmá tó ń dá gbé ní ojúlé kẹta sí yín nílò ẹni tí yóò máa yọjú sí i látìgbàdégbà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kò nílò bánà: ẹ mú àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa bẹ̀ wọ́n wò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tọmọ tòbí.

1. Ẹ mọ àwọn tí ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́

Lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn àdúrà ìdílé, ẹ bi ara yín pé ta ló ń dá gbé ní àdúgbò yìí. Ẹ jẹ́ káwọn ọmọ sọ̀rọ̀, torí àwọn là ń rán níṣẹ́ káàkiri, wọ́n mọ ilé tí bàbá àgbà ti ń fúnra rẹ̀ pọnmi. Ẹ má ṣa ọmọ ìjọ yín nìkan. Bí Àlàájà ló sún mọ́ yín jù, ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

2. Ẹ fi tó àwọn ọmọ wọn létí

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo èyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́. Àgbàlagbà kì í fẹ́ kí aráyé rò pé àwọn ọmọ òun ti pa òun tì. Bí ọmọ wọn bá sì wà ní Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, tó kàn gbọ́ pé àwọn kan ń gbé abọ́ oúnjẹ wọlé, ó lè bínú, ó sì lè fura. Kí bàbá tàbí ìyá nínú ilé yín pè é: “Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Aládùúgbò Màmá ni wá. A fẹ́ máa kó àwọn ọmọ wa wá kí wọn. Ṣé kò burú?” Nọ́ńbà rẹ̀ á ti wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ara Màmá kò bá yá.

3. Ẹ má gbé oúnjẹ lọ nígbà àkọ́kọ́

Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn àgbà wa pé kí wọ́n má jẹ lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀. Bí wọ́n bá kọ oúnjẹ yín, ẹ má bínú. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn lásán. Kí ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí ọmọbìnrin kúnlẹ̀, kí gbogbo yín jókòó gbọ́ ìtàn wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè ohun tó ń dùn wọ́n jù. Aṣọ ni Dọ́káàsì inú Bíbélì rán fún àwọn opó Jópà, èèyàn kì í sì í rán aṣọ fún ẹni tí kò wọ̀n. Ó lè jẹ́ gílóòbù tó ti jó ni wọ́n fẹ́ kí ẹ pààrọ̀, tàbí omi, tàbí ẹni tí yóò bá wọn ka ohun tí dókítà kọ sára páálí oògùn. Nígbà tí ẹ bá wá gbé oúnjẹ lọ, ẹ bá wọn jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ má ya fọ́tò wọn sórí Facebook. Mo bẹ̀ yín.

4. Ẹ pín iṣẹ́ bí agbára bá ṣe mọ

Ọmọ ọdún mẹ́fà lè gbálẹ̀, ó sì lè kọrin fún wọn. Ọmọ tó mọ fóònù lò wúlò gan-an: àwọn tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba owó lọ́dọ̀ PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó ìfẹ̀yìntì, ní láti fi hàn lórí ẹ̀rọ pé àwọn ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ ọ́n ṣe. Kí òbí wà níbẹ̀ bí ọmọ bá ń bá wọn ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì wọn. Ẹ má dá ọmọ kékeré nìkan rán lọ sílé ẹnikẹ́ni. Méjì-méjì ni Jésù rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

5. Ẹ sè é pa pọ̀

Mọ́ínmọ́ín ni mo fara mọ́ jù, torí ó rọ̀ fún ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ, iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ sì tó gbogbo ilé ṣe. Àwọn ọmọ á bó ẹ̀wà, ẹnì kan á fọ ewé, ẹnì kan á yọ egungun ẹja kúrò, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan. Kóńgò ẹ̀wà kan tó nǹkan bí èèyàn mẹ́wàá, ẹ̀yin náà á jẹ nínú rẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ àti magí kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ gbé e lọ ní gbígbóná; oúnjẹ tó bá ti jókòó síta ju wákàtí méjì lọ kò dára fún àgbàlagbà. Lóṣù ààwẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kí àsìkò ìṣínu tó tó ni kí ẹ gbé ti Àlàájà lọ.

Ẹ ra kóló kan fún owó ẹ̀wà, kí àwọn ọmọ náà máa sọ tiwọn sínú rẹ̀.

6. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀

Bí ẹ bá délé, kí olúkúlùkù sọ ohun tó ṣàkíyèsí: bàtà Bàbá ti já, Màmá kò jẹun tán, ẹsẹ̀ wọn wú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹsẹ̀ bá wú, tàbí tí wọ́n bá ń gbàgbé oògùn, ẹ pe ọmọ wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì bá wọn dé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà ní àdúgbò bí ọmọ náà kò bá sí nítòsí. Owó ìtọ́jú tó bá ju agbára yín lọ, ẹ gbé e tọ àwọn ọmọ wọn àti ìjọ lọ. Ẹ̀yin ẹ má dáwọ́ ìbẹ̀wò dúró.