Ẹ Má Ra Mọ́tò Tí Wọ́n Ti Tan Kí Ẹ Tó Dé: Àṣìṣe Àwọn Tó Ń Ra Tòkunbọ̀ Kékeré

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, n kò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi tán ní ọ̀nà Ọ̀dà, l'Ákùúrẹ́, tí nọ́ọ̀sì kan ti dúró dè mí. Toyota Matrix ọdún 2005 ló rà lọ́jọ́ Ẹtì. Owó àjọ tó dá fún ọdún méjì ló kó lé e. Ó ní mọ́tò náà kì í fẹ́ rìn sẹ́yìn láàárọ̀: òun á fi gíà sí R, òun á ka ení, èjì, títí dé ẹẹ́fà, kó tó ta gìrì kó tó gbéra.

“Ṣùgbọ́n ó dáa lọ́jọ́ tí mo rà á, ẹ̀gbọ́n.”

Mo ní, “Àǹtí nọ́ọ̀sì, aago mélòó lẹ lọ wò ó?” Ó ní aago méjì ọ̀sán. Mo ní ṣé wọ́n ti tan án kó tó débẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, AC ti fẹ́ inú rẹ̀ tutù rinrin. Mo jókòó. Ohun kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn lọ́dọọdún, ó sì máa ń pọ̀ jù láti oṣù Ọ̀wàrà títí di Ṣẹẹrẹ, nígbà tí owó kòkó bá ń wọlé, tí gbogbo ilé fẹ́ ra mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mọ́tò kékeré tí bùùtù wọn kò yọ sẹ́yìn, Matrix, Vibe, Yaris, Golf, Picanto, òun ni iṣẹ́ mi. Owó tí àwọn èèyàn ń fi ṣòfò lórí wọn ń dùn mí.

Àṣìṣe kìíní: ríra mọ́tò tó ti gbóná.

Ẹ́ńjìnnì tó gbóná máa ń bo àléébù. Bí rọ́bà fáàfù bá ti gan, ọ́ìlì á máa kán wọ inú sìlíńdà lóru. Tí wọ́n bá tan án láàárọ̀, èéfín búlúù á tú jáde lẹ́yìn fún bí ìṣẹ́jú kan, á sì pòórá. Ẹni tó dé lọ́sàn-án, níbo ló ti fẹ́ rí i? Bí ṣéènì táímù, ìyẹn ẹ̀wọ̀n irin tó ń mú kí àwọn ẹ̀yà inú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ pọ̀ lásìkò, bá ti fà, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ró gbọ̀rọ̀-gbọ̀rọ̀ kí ọ́ìlì tó gùn ún, lẹ́yìn náà á dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Bàtìrì tó ti ń kú lọ kì í ṣòroó tan tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa mọ́tò. Gíà ọ̀tọmátíìkì tí rọ́bà inú rẹ̀ ti le á máa lọ́ra láàárọ̀. Tó bá gbóná, á wọlé wẹ́rẹ́. Irú èyí ló bá nọ́ọ̀sì yìí.

Ti rédíétọ̀ ló burú jù. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí rédíétọ̀ gbígbóná, omi ibẹ̀ lè bó èèyàn lójú. Ẹni tó bá mọ́tò ní gbígbóná ti pàdánù àyè àtiwo inú rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó bá tutù ni kí ẹ ṣí i: ṣé omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ike ló wà níbẹ̀, àbí omi kànga tó ti pọ́n bíi ìpẹtà? Ṣé ọ́ìlì léfòó lójú rẹ̀? Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í bọ ibẹ̀ padà, ẹ tún fà á yọ. Bí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn bá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti bá ọ́ìlì pàdé. Ẹ máa lọ sílé.

Èmi náà ti jìn sí kòtò yìí rí. Lọ́dún 2009 mo lọ ra Golf 3 l'Ékòó. Wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè mí, ó ń ró kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, oòrùn mú, mo sì fẹ́ tètè padà sílé. Nígbà tí mo dé Orè, ọwọ́ ìwọ̀n ooru ti gun òkè. Mo ra omi inú ọ̀rá, mo dà á sí i. Láti Orè dé Oǹdó, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí mo ń dúró kó tutù, tí mo tún ń da omi. Orí ẹ́ńjìnnì ti wọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, ẹni tó sì tà á fún mi kò gbé fóònù mi mọ́. Mẹkáníìkì ni mí nígbà yẹn o, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ìkánjú ló gba ojú mi.

Láti ìgbà náà, kí n tó kí ẹni tó ń ta mọ́tò tán, mo ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, n ó ní mo ń bọ̀ lọ́la. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ ní kí wọ́n má tan án. Ẹ débẹ̀ kí aago méje tó lù. Bí wọ́n bá tún ti tan án, tí wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ sún un síwájú díẹ̀ ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Èkejì: iná ẹ́ńjìnnì. Inú àwọn èèyàn máa ń dùn pé kò sí iná kankan níwájú. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tan án. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kó tó kú tí mọ́tò bá ṣiṣẹ́. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀, tàbí kó ti lẹ nǹkan bò ó. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ibi tí wọ́n ń ki scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù mọ́tò, sí lábẹ́ sítíárì. Bí scanner bá fi hàn pé kò sí àléébù, ṣùgbọ́n tí mọ́tò kò tíì parí ìyẹ̀wò ara rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àná ni wọ́n pa gbogbo àkọsílẹ̀ àléébù rẹ̀ rẹ́.

Ẹ̀kẹta: kíka máìlì bíi kìlómítà. 120,000 tí ẹ rí nínú Matrix Amẹ́ríkà, máìlì ni. Ó lé ní 190,000 kìlómítà.

Ẹ̀kẹrin: ríra orúkọ. Ẹ óò rí èèyàn tó máa kọjá lára Pontiac Vibe tó mọ́ tónítóní, tí á lọ san owó tó jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí Matrix tó ti gbó, nítorí pé Toyota ló wà lára rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì Toyota ló wà nínú Vibe, ohun tí mo ń rà fún Matrix ni mo ń rà fún un.

Golf ń kọ́? Ẹ bi wọ́n léèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímù, ìyẹn rọ́bà tó ń ṣe irú iṣẹ́ ṣéènì táímù. Bí wọn kò bá mọ̀, ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó mọ́tò, nítorí bó bá já lórí ìrìn, písítìnnì lè lu fáàfù, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Ṣéènì ni ti Matrix, kò sí wàhálà yẹn níbẹ̀.

Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, tàbí tí omi fa ìlà sí i, mọ́tò náà ti mu omi rí. Ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá èyí tó bá wá láti Kánádà: iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà yìnyín máa ń jẹ irin. Ní ti taya, kì í ṣe dídán ni kí ẹ wò. 2309 tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò ní fẹ́ kí n sọ. Mẹkáníìkì tí ẹ mú lọ́wọ́ lọ lè máa retí owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ta mọ́tò. Bí ẹ kò bá rà á, kò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ san owó rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì sọ fún un pé iye kan náà ni, ẹ rà á o, ẹ kò rà á o.

Ẹ má sì ná gbogbo owó tán sórí mọ́tò. Ọ́ìlì, bírékì, taya àti ìwé ń dúró dè yín lọ́sẹ̀ kìíní gan-an.

Mo ti bá nọ́ọ̀sì wá gíà tòkunbọ̀ tó dáa. Àjọ tuntun ló ń retí báyìí kó tó lè san owó rẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ni Matrix náà wà, ọ̀kadà ló sì ń gùn lọ sẹ́nu iṣẹ́ lóru.