Duces tecum: ọ̀rọ̀ méjì tó dá ẹjọ́ ilẹ̀ wa dúró

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá wa fi dúró sójú kan nítorí ọ̀rọ̀ Látìn méjì péré. Ó ṣì ń dùn mí.

Bí a ṣe gba subpoena, ìyẹn ìwé tí kóòtù fi ń pe ẹlẹ́rìí, ní kóòtù, tí akódà sì lọ fi lé òṣìṣẹ́ ìjọba tí fáìlì ilẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ìyẹn kò le. A fi owó ọkọ̀ rẹ̀ tì í. Ọjọ́ ẹjọ́ pé, ọkùnrin náà dé lásìkò, àmọ́ ọwọ́ lásán ló gbé wá. Fáìlì ńkọ́? Ó ní wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé pé kóun gbé nǹkan kan dání.

Inú bí mi sí i, àfìgbà tí mo ka ìwé ọ̀hún. "Ad testificandum" ni lọ́yà wa kọ: wá jẹ́rìí. "Duces tecum", gbé e dání wá, ló yẹ kó kọ. Kí la fẹ́ fi ẹnu ọkùnrin yẹn ṣe? Ìwé la fẹ́! Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú, a tún san owó ìwé, owó akódà, owó ọkọ̀, pẹ̀lú owó lọ́yà.

Mo bá jókòó ti ọ̀rọ̀ "subpoena" náà fúnra mi. "Sub" ni abẹ́, "poena" ni ìyà. Ìwé ìpè kóòtù Chancery ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé ọba Richard II (1377 sí 1399), ló ti wá: ẹni tí kò bá jẹ́ ìpè, 100 pọ́n-ùn lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìhàlẹ̀ yẹn ló wá di orúkọ ìwé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti pa orúkọ náà tì nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn láti 1999, ìwé ìpè ẹlẹ́rìí lásán ni wọ́n ń pè é báyìí. Àwa ní Nàìjíríà ṣì dì í mú.

Èmi náà ni mo rí abala 218 àti 219 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011: ẹni tí a ní kó mú ìwé wá nìkan lè fi rán ẹlòmíràn, a ò sì lè máa da ìbéèrè bò ó bí ẹlẹ́rìí. Mo gbé e síwájú lọ́yà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ìwé kọ. Ká ní mo ti ka ti àkọ́kọ́ kí akódà tó gbé e lọ ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sí yín létí, kí wọ́n sì túmọ̀ Látìn ibẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kejì, akọ̀wé kékeré kan ló gbé fáìlì wá. Kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi lọ.